Ewé Tí Ó Kọ̀ Láti Pọ́n

Eérú wà lẹ́nu ewúrẹ́ náà. Raliatou lóṣòó tì í, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣí ètè rẹ̀, ó sì rí i pé eérú ti gbẹ mọ́ eyín àti ahọ́n. Eṣinṣin ti bo ojú òkú ẹran náà. Okùn tí wọ́n fi so ó mọ́ kùkùté ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ewé ló jẹ kú," ni ọkùnrin kan wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ewé tí Bassirou fi májèlé sí. Èmi fúnra mi ni mo rí i, tòun ti pọ́ńpù lẹ́yìn."

Farid lorúkọ ọkùnrin náà. Kí àwọn ọlọ́pàá tó sọ̀kalẹ̀ tán lórí alùpùpù ló ti ń sọ ọ́.

Raliatou dìde, orúnkún rẹ̀ sì ké. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni ní Tchaourou, ọ̀sẹ̀ yìí kò sì fojú àánú wò ó. Wọ́n jí kaṣú ní Alafiarou, wọ́n jà nítorí ààlà oko ní Bétérou, ẹ̀fọ́ ló wá kàn báyìí ní Goro. Ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́ kò ju omi tútù àti ẹní lọ. Síbẹ̀ ó mú okùn ewúrẹ́ náà, ó nà án láti ìdí kùkùté síhà ọgbà ẹ̀fọ́, títí okùn fi le tantan. Ọ̀nà ṣì jìn sí ọgbà. Ó wo Ọlátúnjí, ọlọ́pàá àgbàlagbà tí wọ́n jọ wá, ìyẹn náà sì rí i.

Oko méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, koríko ọba ló pààlà wọn. Ti Bassirou wà lọ́wọ́ òsì, tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ti Sakinatou wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ewé rẹ̀ ti pọ́n, ó ti rọ, àfi àwọn ebè mélòó kan létí ààlà tí ó tutù bíi ti aládùúgbò.

"Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ wò ó," ni Sakinatou wí fún Raliatou tí í ṣe ọ̀gá. Opó ni, ó sì lóhùn tí ó ju ara rẹ̀ lọ. "Tèmi ń kú, tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Níwájú gbogbo ayé ló sì ti búra pé ewúrẹ́ mi yóò rí i!"

"Kí ni ewúrẹ́ yín ṣe fún un?"

Sakinatou wo ilẹ̀. "Ó jẹ ata rẹ̀ díẹ̀."

"Díẹ̀ báwo?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ọlátúnjí fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá arúgbó kan tí ó jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Baba Souradjou ni, ẹni tí ó ni ilẹ̀.

"Àlejò ni Bassirou," ni ó wí. "Láti Ṣábẹ̀ ló ti wá. Mo ní kó fi ọdún kan dá oko yìí, kí n fi wo irú ẹni tó jẹ́. Bí kì í bá ṣe òun, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ òun, ilẹ̀ mi yóò padà sọ́wọ́ mi, òun náà yóò sì mọ ibi tí ẹ ó mú un lọ. Ọjọ́ ọjà ni mo fẹ́ gbọ́."

"Baba, ọ̀la lọjọ́ ọjà."

"Mo mọ̀."

*

Àwọn ará abúlé ti fẹ́ lu Bassirou kí àwọn ọlọ́pàá tó gbé e lọ sí Tchaourou. Aṣọ rẹ̀ ya léjìká. Raliatou gbé pọ́ńpù náà àti ìgò kan sórí tábìlì, ó jókòó síwájú rẹ̀.

"Kí ló wà nínú ìgò yìí?"

"Oúnjẹ ni."

"Oúnjẹ ta?"

"Ti ewé, tata," ni ó wí, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin àgbà níbẹ̀.

Ọlátúnjí mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n Raliatou fi ọwọ́ lẹ́rán, nítorí ọkùnrin náà ti yí ìgò náà padà kí ó lè rí àmì ara rẹ̀, ìbẹ̀rù ojú rẹ̀ sì ti dín díẹ̀, bíi ti ẹni tí wọ́n bi ní ohun tí ó fẹ́ràn.

"Ewé lẹ́nu," ni Bassirou wí. "Àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín ni, ojú lásán kò rí wọn. Láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, wọ́n máa ń là. Bí ènìyàn bá po síǹkì díẹ̀, èròjà inú ìgò yìí, mọ́ omi púpọ̀, tó fọ́n ọn bí ìrì, ewé á mu ún láti òkè. Kò ní dúró de gbòǹgbò."

"Kí ló dé tí kò fi ní dúró de gbòǹgbò?"

"Gbòǹgbò kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni. Mo rí ewé tuntun tó ń pọ́n láàárín iṣan, tí iṣan rẹ̀ nìkan tutù. Mo hú ọ̀kan, gbòǹgbò rẹ̀ kúrú, ó dúdú bí irun tó jóná. Ohun kan wà nínú ilẹ̀ tó ń gbà á lọ́fun. Mi ò mọ ohun náà. Mo kàn mọ̀ pé ọmọ tí kò lè jẹun fúnra rẹ̀, ṣíbí la fi ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu." Ó fi ìka kan ìgò náà. "Ẹni tó tà á fún mi ní Parakou ní kí n pò ó mọ́ omi kan tí wọ́n ń yọ láti inú yanrìn, irú yanrìn tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì. Ó máa ń mú ara ewé le. Ó ní ewé tó bá le lára, ìyà ilẹ̀ kì í tètè wó o."

"Farid ní òun rí ọ nínú oko Sakinatou, tìwọ ti pọ́ńpù."

"Òótọ́ ló sọ."

Ọlátúnjí gbórí sókè.

"Omi ló ṣẹ́kù nínú pọ́ńpù," ni Bassirou wí. "A kì í jẹ́ kó sùn sínú rẹ̀. Ó máa ń rọ̀ sísàlẹ̀, bó bá dàárọ̀, á ti dí imú pọ́ńpù. Mo wá fọ́n ọn sórí ebè rẹ̀ tó sún mọ́ tèmi."

"O sọ fún un?"

"Ṣé a ń bára wa sọ̀rọ̀ ni?"

Wọ́n jáde sí ìloro. Ọlátúnjí ti mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù lọ́wọ́. "Ṣẹ́ẹ̀fù, ó ti jẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé wa."

"Ó jẹ́wọ́ pé ebè wo lòun fọ́n omi sí?"

"Ebè tó wà létí..." Ọlátúnjí fi kọ́kọ́rọ́ họ orí. "Ebè tí kò kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ èmi náà, bàbá mi. Kì í ṣe ìwọ nìkan."

*

Ṣùgbọ́n Ọlátúnjí kì í ṣe òmùgọ̀. Bí wọ́n ṣe tún gun alùpùpù ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn. Pọ́ńpù náà kì í ṣe ti Bassirou. Abdoul-Kader tí ó ní oko kaṣú ló yá a, oògùn apakoríko ló sì ń fi í fọ́n látọdún mọ́dún. Bí ìkòkò bá ti se ẹja, omi tí a bá sè tẹ̀lé e á rùn. Bóyá ọmọkùnrin náà kò mọ̀ pé májèlé ṣẹ́kù nídìí rẹ̀. Bóyá ó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn jọ òótọ́, ó sì jẹ ọ̀sán wọn run. Wọ́n bá Abdoul-Kader lábẹ́ igi kaṣú rẹ̀, ó ń ṣa ìdọ̀tí.

"Mo fọ̀ ọ́ kí n tó yá a," ni ó wí. "Ẹ má gbà mí gbọ́, ó tọ́. Ọlọ́pàá lẹ jẹ́. Ṣùgbọ́n oògùn mi, koríko ló ń pa. Ẹ lọ bi koríko."

Ni wọ́n bá padà sí ọgbà. Raliatou bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọ àárín ebè. Koríko ojú ọ̀nà dúró gbọnyin, ó tutù, ó nípọn, ó ń fi ẹ̀gún rẹ̀ gún un lẹ́sẹ̀. Ó ká ewé tútù kan létí ààlà, ó gbé e síwájú oòrùn. Àmì funfun kéékèèké wà lórí rẹ̀, bí ibi tí òjò wínníwínní ti gbẹ. Ó ká ewé pípọ́n kan. Kò ní àmì rárá. Ó ká òmíràn, ó tún ká òmíràn.

"Pọ́ńpù kò débẹ̀," ni Ọlátúnjí wí.

"Kò débẹ̀. Àwọn tí pọ́ńpù dé ọ̀dọ̀ wọn ló yè. Wo koríko náà. Ohun tó bá tòkè wá kì í mọ ebè yàtọ̀ sí ojú ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ kì í yan ilé tó ń wọ̀. Ohun tó ń pa ẹ̀fọ́ yìí, orí ebè ló wà. Ọwọ́ ènìyàn ló gbé e síbẹ̀."

Ó sọ ọ́ láìdùnnú. Ó mọ̀ pé òun yóò tún bi ẹnì kan ní ìbéèrè kan sí i kí òun tó sùn.

*

Sakinatou ń pọnmi. Raliatou bá a mú okùn korobá.

"Tata, kí lẹ máa ń kó sórí ebè tí ẹ kì í kó sójú ọ̀nà?"

"Omi. Ìgbẹ́ adìẹ. Eérú."

"Eérú?"

"Nítorí kòkòrò. Ìyá mi ń ṣe é, ìyá rẹ̀ náà ṣe é. Bí eérú bá ti wà nídìí ẹ̀fọ́, kòkòrò á sá."

"Ṣé eérú ìdáná yín máa ń tó?"

"Kò lè tó. À ń bu ti ilé gbogbo. Níhìn-ín a kì í fi eérú du ara wa, a kì í sì í dúpẹ́ rẹ̀. O kàn máa gbé agbọ̀n rẹ lọ ni." Ó gbé korobá kalẹ̀. "Lọ́dún yìí mi ò tilẹ̀ rìn jìnnà. Ti Farid tó mi. Òkìtì rẹ̀ ga dé ìbàdí lẹ́yìn ilé. Èmi àti Bassirou la jọ rù ú, kí ìjà tó dé. A dà á sí oko mi, a dà á sí tiẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù wà nídìí kùkùté lọ́hùn-ún."

"Níbi tí ẹ so ewúrẹ́ mọ́."

"Ewúrẹ́ máa ń lá eérú, Ṣẹ́ẹ̀fù. Iyọ̀ ló ń wá."

Raliatou fi okùn korobá sílẹ̀. "Ṣé ẹ fi eérú Farid se ọbẹ̀?"

"Èèwọ̀! Eérú ẹlòmíràn? Ti ìdáná mi ni mo fi ń se ilá."

Raliatou tún béèrè. "Ìyàwó mélòó ni Farid ní?"

Sakinatou bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Ìyàwó wo? Ta ni yóò fẹ́ ẹ? Àbúrò rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ fún un. Ọkùnrin yẹn kò lè se omi gbígbóná!"

"Iṣẹ́ wo ló wá ń ṣe?"

"Òjé ló ń rọ. Èyí tí àwọn apẹja Bétérou máa ń so mọ́ ìsàlẹ̀ àwọ̀n kó lè rì."

Ọlátúnjí ń wo Raliatou. Ó ti bá a ṣiṣẹ́ pẹ́, ó mọ ìgbà tí nǹkan bá bọ́ sípò lójú rẹ̀. Kò sí ayọ̀ níbẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ó rí i pé ẹrù tí òun ń gbé wúwo ju bí òun ṣe rò lọ.

"Ọkùnrin tí kì í dáná," ni Raliatou wí bí wọ́n ṣe ń lọ, "ó ní eérú dé ìbàdí."

*

Lójú ọ̀nà, ó ní kí Ọlátúnjí dúró lọ́dọ̀ obìnrin tí ń sun iṣu. Ó ra iṣu fún un. Ó tún bu ohun kan nídìí iná obìnrin náà, ó dì í sínú ọ̀rá, ó sì fi í sápò. Obìnrin náà kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn bí ó ti ń mú un.

Farid gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ó gbé àga jáde. Raliatou ní kí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ han òun, nítorí òun kò rí i rí, òótọ́ sì ni. Farid fi ìkòkò irin hàn án, ó fi amọ̀ tí ó ti gbẹ́ ihò róbótó sí lára hàn án, àti koríko tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń gbé la àárín ihò náà kọjá. Bí òjé yíyọ́ bá wọlé, koríko á jó, ojú ihò tí okùn àwọ̀n yóò gbà á ṣẹ́kù sílẹ̀. Raliatou yí òjé kan láàárín ìka. Ó wúwo, ó tutù, ó dán. Iṣẹ́ náà dára. Ìyẹn gan-an ló bà á nínú jẹ́.

"Níbo lẹ ti ń rí òjé?"

"Mo ń rà á ní Parakou. Èyí tó mọ́ ni."

Nígbà tí Ọlátúnjí ń bá a sọ̀rọ̀ ẹja, Raliatou rìn lọ sẹ́yìn ilé. Òkìtì eérú náà ti lọ sílẹ̀, ó sì dúdú ju eérú igi lọ, ohun kan ń dán nínú rẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Lábẹ́ ewé kaṣú gbígbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá nǹkan líle. Èèpo bátìrì ọkọ̀ ni, dúdú, tí wọ́n fi àáké là láti yọ òjé inú rẹ̀. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, òmíràn tún wà lábẹ́ ìyẹn.

Ó padà síwájú ilé, ọ̀rá kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo bu eérú díẹ̀," ni ó wí. "Ẹ má bínú. Kánún ti tán nílé mi, ilá ni mo sì fẹ́ sè."

Ojú Farid yí padà. "Èyí kò dára o. Iyẹ̀pẹ̀ wà nínú rẹ̀."

"N ó sẹ́ ẹ."

"Ìṣó wà níbẹ̀."

"N ó ṣà á." Ó ti tú ọ̀rá náà. Ó fi ìka méjì bu díẹ̀. "Ẹ jẹ́ n tọ́ ọ wò bóyá ó kan dáadáa."

Ó gbé ìka lọ sẹ́nu. Farid fò dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀, ó gbá ọwọ́ Raliatou nù.

"Má fi sẹ́nu! Tata, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sẹ́nu!"

Eérú fọ́n ká sórí bàtà Ọlátúnjí. Raliatou gbé ìka tí ó ṣì ní àmì eérú, ó lá a.

"Eérú ìdí iṣu sísun ni," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ó kàn korò díẹ̀ ni. Tìrẹ ṣì wà lẹ́yìn ilé, mi ò fọwọ́ kàn án."

Farid jókòó sórí ilẹ̀.

"Àgùntàn mi ló kọ́kọ́ kú, nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Wọ́n lá a, wọ́n ń yí bírí, wọ́n ń forí gbá ògiri. Mo mọ̀ pé eérú bátìrì yẹn ni."

"O sì jẹ́ kí obìnrin yẹn rù ú lọ sí oko."

"Ó gbé agbọ̀n wá! Kí ni kí n wí fún un? Ta ló ń fi eérú duni níhìn-ín? Bí mo bá kọ̀, wọ́n á bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀. Mo rò pé ilẹ̀ á gbé e mì. Ìgbà tí ewé pọ́n, tí ewúrẹ́ kú, ẹ̀rù bà mí."

"Ni o bá pariwo Bassirou."

"Mo rí i pẹ̀lú pọ́ńpù. Irọ́ kọ́ ni mo pa."

"Rárá," ni Raliatou wí. "Òótọ́ lo fi ju àlejò sẹ́wọ̀n. Dìde. Gbé ẹ̀wù rẹ, ìrọ̀lẹ́ ti ń tutù."

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, wọ́n gbé Bassirou padà sí Goro lẹ́yìn alùpùpù. Àwọn tí ó fẹ́ lù ú lánàá ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Baba Souradjou gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì wí pé, "Bọ́n, ó dára. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ tìrẹ, ọmọ mi."

Bassirou dọ̀bálẹ̀. Kí eruku àyà rẹ̀ tó gbọ̀n tán ló ti mú agbọ̀n, ó ti wọ inú tẹ̀tẹ̀ rẹ̀. Ewé náà tutù, ó fẹ̀, ó ṣeé wò. Ó lè bá ọjà Tchaourou bó bá yára.

Raliatou dúró létí koríko ọba. Ó ti pe ọ̀mọ̀wé kan nípa ọ̀gbìn ní Parakou lórí fóònù, ó sì ti gbàdúrà pé kí ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí òun rò. Kò yàtọ̀.

"Bassirou, dúró."

Ó dúró.

"Eérú kan náà ló wà nídìí tìrẹ. Ohun tí o fọ́n ràn án lọ́wọ́, ó fún ewé lágbára, ó sì ṣeé ṣe kó dín èyí tó wọ inú rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n kò lé òjé kúrò nílẹ̀. Ewé náà tutù, kò túmọ̀ sí pé ó mọ́."

Bassirou wo ewé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo iwájú rẹ̀, bí ẹni pé àmì kan yóò wà níbẹ̀ tí ojú òun fò.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Tòun ti gbòǹgbò. Má sì gbọn iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Inú àpò ni kó wọ̀. Wọ́n ń bọ̀ wá wo ilẹ̀, wọ́n á sì yẹ ẹ̀jẹ̀ ìwọ àti ará ilé Sakinatou wò."

Baba Souradjou fi ọ̀pá gún ilẹ̀, ó húkọ́. "Ilẹ̀ wà lódìkejì odò," ni ó wí. "Ọdún tí mo fún ọ, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìdánwò mọ́."

Bassirou mi orí. Ó dojú agbọ̀n délẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì hú àkọ́kọ́. Ó rọra ń hú u, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ó dùn ún. Ọlátúnjí ti jókòó sórí alùpùpù, kò ṣíná sí i. Raliatou mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn lọ. Kò kúrò létí koríko ọba.

Ìgbà náà ni Sakinatou jáde láti ilé rẹ̀, àpò ìrẹsì òfìfo méjì léjìká. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kọjá oko rẹ̀, ó la koríko ọba kọjá, ó lọ sí ìpẹ̀kun ebè tí Bassirou wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hú u bọ̀ láti ibẹ̀. Wọ́n ń súnmọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀, títí ewé tí ó wà láàárín wọn kò fi ju ẹyọ mélòó kan lọ.

"Ewúrẹ́ mi jẹ ata rẹ," ni Sakinatou wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Kì í ṣe díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ."

"Mo mọ̀, tata," ni Bassirou wí, ó sì la ẹnu àpò fún un.